Èmi Ni Mo Hú Ọdán Ààlà

Àwọn kan ń jí ewúrẹ́. Àwọn kan ń jí fóònù. Èmi, ààlà ni mo jí gbé.

Ẹ rẹ́rìn-ín yín tán kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín báyìí, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà gbóná, ẹkún ni mò ń sun. Ọkùnrin tí mo fẹ́ràn jù láyé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, bàbá mi àti ọ̀rẹ́ wọn láti kékeré sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ara wọn dé kóòtù. Gbogbo rẹ̀ nítorí igi kan tó wù mí, tí mi ò béèrè. Mo ń sọ ọ́ kí ẹlòmíràn má baà ṣe irú rẹ̀.

Nurat lorúkọ mi. Òdòdó ni mò ń tà ní Mowe, létí títì márosẹ̀. Tí ẹ bá ń ti Ìbàfò bọ̀, tí ẹ rí ọgbà kan tí wọ́n to ìkòkò funfun sí títí dé etí gọ́tà, tí obìnrin kan ń bá ewé sọ̀rọ̀ níbẹ̀, èmi nìyẹn.

Òdòdó ló ń bọ́ mi, ṣùgbọ́n igi aràrá ni ìfẹ́ mi. Igi gidi ni o, tí a sọ di kékeré sínú ìkòkò pẹrẹsẹ. A ó gé gbòǹgbò rẹ̀, a ó fi wáyà tẹ ẹ̀ka rẹ̀, a ó máa já ewé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí igi tí kò ga ju orúnkún lọ yóò fi dà bí baba igi tó ti wà láti ayé Nóà. Bọ́ńsáì làwọn ọlọ́gbà ń pè é.

Orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ. Bàbá arúgbó kan wà ní Ítálì tó máa ń lọ hú igi ólífì inú igbó lórí òkè olókùúta, tí yóò sì sọ ọ́ di arẹwà. Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo fídíò rẹ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé kan, níbi tí òun àti ìyá arúgbó kan tàbí darandaran kan yóò ti máa tàkúrọ̀sọ lọ rẹrẹ. Mo máa ń fo ibẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń walẹ̀ ni mo máa ń wá lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ lọ́wọ́ bàbá náà ni pé igi tó dára jù kì í ṣe èyí tí a fi ìkẹ́ gbìn. Èyí tí ìyà ti jẹ ni. Igi tí ewúrẹ́ ti jẹ lórí, tí òkúta ti fún lọ́rùn, tí àdá ti bẹ́ títí tó fi sanra lábẹ́ tó sì kúrú. Irú igi bẹ́ẹ̀ ni mò ń wá kiri, láti Mowe títí dé Ifọ̀. Mi ò rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Àfìgbà tí mo lọ sí Ọ̀fàdà níparí oṣù kẹta.

Ọ̀fàdà ni bàbá mi, Mùsáfírù, ti ń dáko ìrẹsì. Mo máa ń lọ síbẹ̀ lọ kó èèpo ìrẹsì nídìí ẹ̀rọ, nítorí pé èèpo yẹn ni mo fi ń po ilẹ̀ inú ìkòkò mi. Oko bàbá mi àti ti Bàbá Bádéjọ fara kan ara wọn. Bàbá mi ń kírun, Bàbá Bádéjọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ẹran iléyá ilé wa kì í jinná kí ti Bàbá Bádéjọ má kúrò níbẹ̀, ìrẹsì Kérésì tiwọn náà kì í sì délẹ̀ láìdé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ wọn ọkùnrin, Máyọ̀kún, ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà ní Ifọ̀. Òun ni mo fẹ́ fẹ́. Àwọn ẹbí ti mọ ara wọn, wọ́n sì ti mú ọjọ́ ìdána sí oṣù kẹjọ.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo bá bàbá mi létí oko. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ kí wọn tán, ojú mi bọ́ sí kùkùté ọdán kan láàárín oko méjèèjì, níbi tí ọ̀pẹ kan àti ògán kan wà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àyà mi já. Kùkùté náà ki tó itan ọkùnrin. Ó tẹ̀ síwá, ó tẹ̀ sẹ́yìn, gbòǹgbò rẹ̀ na ọwọ́ sórí ilẹ̀ pupa bí ẹni tó jókòó tó na ẹsẹ̀. Mo ti rí i láti kékeré, ṣùgbọ́n mi ò tíì ní ojú igi nígbà yẹn.

"Bàbá, kùkùté yìí mà dáa o."

"Èwo? Ọdán yẹn? Ààlà ni. Bàbá tèmi àti bàbá Bádéjọ ni wọ́n jọ gbìn ín. Ọdọọdún la máa ń fi àdá bẹ́ ẹ lórí, kó má baà ṣíji bo ìrẹsì."

"Ẹ̀yin méjèèjì ṣì ń wò ó kí ẹ tó mọ ibi tí ilẹ̀ yín parí sí?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Àwa? A mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín yẹn ni mo gbé lọ sílé tí mo sọ di ìyọ̀ǹda. Ọjọ́ mẹ́ta ni oúnjẹ kò fi dùn lẹ́nu mi. Tí mo bá di ojú, ọdán. Tí mo bá lajú, ọdán. Lọ́jọ́ kẹrin, Màdámù Ọmọlabí, alága ẹ̀sítéètì tuntun tó wà lẹ́yìn Mowe, wá sí ọgbà mi.

"Nurat, a fẹ́ ṣe àfihàn òdòdó lóṣù keje. Gbogbo ẹ̀yin olódòdó Mowe àti Ìbàfò la pè. Ẹni tó bá gbé ohun tó rẹwà jù wá la ó gbé iṣẹ́ ọgbà gbogbo ẹ̀sítéètì fún."

Gbogbo ẹ̀sítéètì! Ọ̀rọ̀ bọ́ sí i.

Ọkàn mi ní, "Nurat, lọ béèrè igi yẹn lọ́wọ́ àwọn bàbá." Ọkàn mi kejì ní, "Tí wọ́n bá ní rárá ńkọ́?" Ọkàn kejì yìí ló máa ń ba ọmọ ènìyàn jẹ́. Ó ní ta ló tún ń fi igi wo ààlà láyé ìsinsìnyí? Ó ní ṣebí àna ni wọ́n fẹ́ di, kí ni àna tún fẹ́ fi ààlà ṣe? Ó ní tí mo bá gé ẹ̀ka kan tí mo rì í mọ́lẹ̀ síbẹ̀, yóò hù, nítorí ọdán kì í ṣe olóríkunkun. Mo gbà gbogbo rẹ̀ gbọ́.

Mo mú ọjọ́ Jímọ̀. Bàbá mi yóò wà ní mọ́sáláṣí, Bàbá Bádéjọ ti lọ kí àbúrò wọn ní Àgbàdo. Mo pe Ashraf, ọlọ́kadà tó ti di oníkẹ̀kẹ́, tó máa ń bá mi kó ẹrù òdòdó. A kó dígà, ṣọ́bìrì àti ayùn sínú kẹ̀kẹ́.

Nígbà tí a débẹ̀, Ashraf wo kùkùté, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Àǹtí Nurat, ṣé wọ́n mọ̀ pé a fẹ́ hú u?"

"Bàbá mi ló loko."

"Ìdajì tó wà lápá ibí yìí ńkọ́?"

"Ashraf, walẹ̀."

Ó walẹ̀. Èmi náà gbé fóònù mi lé orí àpò èèpo ìrẹsì, mo tan kámẹ́rà rẹ̀, nítorí bàbá ará Ítálì náà máa ń ya fídíò tirẹ̀. Mo fẹ́ fi ṣe ìpolówó. Mo sọ̀rọ̀ sí i bí olóòtú tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí mo sọ, ẹ ó gbọ́ ọ láìpẹ́. Kò wù mí kí ẹ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ ó gbọ́ ọ.

Wákàtí kan àtààbọ̀ ni a fi wà á. Irin ìpẹtà kan wà láàárín ẹ̀ka rẹ̀ tí igi ti gbé mì, ó kù díẹ̀ níta lápá ọ̀tún, ó kù díẹ̀ lápá òsì. Mo rò pé pàǹtí lásán ni. A dí ihò náà. Ibẹ̀ ti kún fún òkúta, ẹ̀ka tí mo fẹ́ kì bọlẹ̀ kò wọlé. Mo wá ibi tó rọ̀ díẹ̀, mo rì í síbẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ni, sápá ọ̀dọ̀ Bàbá Bádéjọ.

Péré ni mo pè é o.

Nígbà tí Ashraf gbé kùkùté sínú kẹ̀kẹ́, ó di ìbàdí mú. "Àǹtí, igi rèé àbí màlúù?" A rẹ́rìn-ín títí dé Mowe.

Mo tọ́jú ọdán náà bí ọmọ ìkókó. Mo fi iyanrìn tí mo fọ̀, èèpo ìrẹsì àti èédú ṣe ibùsùn fún un, mo fi ọ̀rá bò ó. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó rúwé. Mo pariwo "Alhamdulillah!" tí onísúyà tó wà níwájú mi fi sáré wá wò ó bóyá iná ló ṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà tẹ àwọn ẹ̀ka rẹ̀, mo fi kànrìnkàn fọ irin ìpẹtà yẹn títí ó fi hàn dáadáa. Etí irin méjèèjì wá dà bí ètè tó ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ igi náà ní Ẹ̀rín Àgbà.

Máyọ̀kún rí i nígbà tó wá kí mi.

"Nurat! Níbo lo ti rí èyí?"

"Lọ́nà Ìjẹ̀bú," ni mo wí. Irọ́ náà bọ́ lẹ́nu mi wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ó ti ń dúró síbẹ̀ tipẹ́.

"Ó yẹ kó ní ìdúró tirẹ̀. Jẹ́ kí n bá ọ fi irin ṣe é." Láti kékeré ló ti lọ kọ́ṣẹ́ ní Ifọ̀, kò mọ igi oko bàbá rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ọ̀sẹ̀ kan ló fi jó ìdúró náà, ó fi òdòdó irin yí i ká. Ọmọ Bádéjọ jó ìdúró fún ààlà bàbá rẹ̀, mo sì fi ẹ̀rín gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Òjò rọ̀, ẹ̀ka tí mo kì bọlẹ̀ hù. Ìgbà yẹn ni bàbá mi pè mí lórí fóònù.

"Nurat, Bádéjọ ti ya wèrè."

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Ó wá bá mi lóko, ó ní mo hú ọdán ààlà, mo lọ gbin òmíràn sínú ilẹ̀ òun. Èmi Mùsáfírù! Ṣé torí àwọn oníẹ̀sítéètì tó ń ralẹ̀ kiri ni mo ṣe fẹ́ jalẹ̀ ọ̀rẹ́ mi? Èmi sì mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ló hú u, kó lè rí ẹjọ́ rò."

"Bàbá, ẹ má jà."

"Ta ló ń jà? Ẹni tó bá hú igi yẹn, òun ló ń jà."

Ó yẹ kí n sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo ní wọn yóò bínú fún ọ̀sẹ̀ kan, wọn yóò gbàgbé. Iléyá dé lóṣù kẹfà, a gbé ẹran Bàbá Bádéjọ lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, abọ́ náà padà dé. Ìdérí rẹ̀ kò tilẹ̀ ṣí. Bàbá mi jókòó tì í, wọ́n ń wò ó. N kò tíì rí kí ojú bàbá mi rí bẹ́ẹ̀ láyé mi.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, Máyọ̀kún wá sí ọgbà. Kò jókòó.

"Bàbá mi ní kí a dá ìdána dúró. Wọ́n ní àwọn ò lè lọ tọrọ ìyàwó nílé ẹni tó ń jalẹ̀ àwọn."

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo wí?"

"Kí ni mo fẹ́ wí? Bàbá mi ni wọ́n. Ṣùgbọ́n mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Nurat. Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tó hú igi yẹn ni. Tí mo bá rí i, màá fi iná wẹ́dà jó ìdí rẹ̀."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibi tí mo jókòó sí gbóná lábẹ́ mi. Ọdán wà lẹ́yìn mi gan-an, lórí ìdúró tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Mo bu omi sẹ́nu. Tí mo bá sọ, ó lè kọ̀ mí. Tí mi ò bá sọ, bàbá rẹ̀ kò ní jẹ́ kó fẹ́ mi. Mò ń tẹ wáyà, mò ń sunkún. Ashraf ní kí n lọ jẹ́wọ́. Mo ní kó lọ wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ àfihàn pé, ọjọ́ Sátidé ni. Mo ní tí mo bá gba iṣẹ́ ẹ̀sítéètì, màá wá bí màá ṣe tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Mo gbé Ẹ̀rín Àgbà sáàárín pápá. Àwọn ènìyàn yí i ká, wọ́n ń ya fọ́tò.

Màdámù Ọmọlabí fọwọ́ kan ewé rẹ̀. "Nurat, ọdún mélòó lo ti ń tọ́jú igi yìí?"

"Ó ti ṣe díẹ̀, mà." Oṣù mẹ́rin ni díẹ̀ náà.

"Tí mi ò bá rí èyí tó jù ú lọ, o ti gba iṣẹ́ náà tán."

Ayọ̀ náà kò tíì dé ọ̀nà ọ̀fun mi nígbà tí mo rí Máyọ̀kún tó ń bọ̀ láti ẹnu géètì. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo yí ojú sápá kejì, mo rí kẹ̀kẹ́ Ashraf. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ni bàbá mi, tí wọn kì í wá sí Mowe rárá, tí wọ́n máa ń ní, "Òdòdó tí ènìyàn kò lè jẹ, kí ni wọ́n ń rà á fún?"

Máyọ̀kún sáré bá mi, inú rẹ̀ ń dùn. "Irọ́ ni mo pa fún àwọn méjèèjì kí wọ́n tó wá. Mo fẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, kí orí wọn wú, kí wọ́n pàdé níbi tí wọn ò ti lè pariwo."

Ashraf tẹjú mọ́lẹ̀.

Àwọn bàbá méjèèjì rí ara wọn, kálukú gbójú sápá kan. Ibi tí bàbá mi gbójú sí ni igi náà wà. Wọ́n súnmọ́ ọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n fi ìka kan etí irin ìpẹtà náà.

"Ọkọ́ bàbá mi rèé," ni wọ́n wí, jẹ́jẹ́.

Bàbá Bádéjọ yípadà bí ẹni tí wọ́n fà létí aṣọ. Wọ́n wá sápá kejì, àwọn náà fi ìka kan irin.

"Èyí sì ni ti bàbá tèmi."

Ìka wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Bàbá mi ló ṣàlàyé fún àwọn tó dúró. Lọ́jọ́ tí àwọn bàbá wọn gbin ọdán náà, kálukú mú ọkọ́ tó fi ń ro oko, wọ́n há méjèèjì sáàárín ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, ọkọ́ ẹnì kan kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Igi náà dàgbà, ó gbé ọkọ́ méjèèjì mì. N kò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Mo ti fi kànrìnkàn fọ ẹ̀rí mi fúnra mi.

"Nurat," bàbá mi wí, "ta ló tà á fún ọ?"

Kí n tó dáhùn, Bàbá Bádéjọ ti bá mi dáhùn. "Àwọn ọmọ ìta tó ń hú nǹkan kiri ni. Ìyàwó wa ò mọ̀. Báwo ni yóò ṣe mọ̀?"

Ẹ rí i bí Ọlọ́run ṣe ń dán ènìyàn wò? Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi gbayawu. Kí n ṣáà ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí n ní ọ̀dọ́kùnrin kan ló gbé e wá. Mo ti fẹ́ sọ ọ́.

"Ó dáa," bàbá mi wí, "ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ ibi tó wà. Mo ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀pẹ ló wà."

"Rárá o! Ó ré kọjá ọ̀pẹ sápá ọ̀dọ̀ tìrẹ."

"Bádéjọ, má tún bẹ̀rẹ̀."

"Ìwọ ni kó o má bẹ̀rẹ̀, Mùsáfírù! Kóòtù ni yóò sọ ọ́ fún wa."

Máyọ̀kún wò mí. Gbogbo ayọ̀ tó gbé wá ti ṣá lójú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ibi tí ihò náà wà gan-an, ohun kan ṣoṣo ló sì lè fi hàn láìsí àríyànjiyàn. Inú fóònù mi ló wà. Ohùn mi sì wà nínú rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Mo yọ fóònù.

"Ẹ̀yin bàbá mi, kò sẹ́ni tó tà á fún mi. Èmi ni mo hú u. Ẹ wò ó."

Mo tẹ fídíò náà. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láàárín gbogbo olódòdó Mowe àti Ìbàfò, kedere bí agogo: "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ wo ẹwà! Bàbá méjì ló ni igi yìí o, ṣùgbọ́n ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Tí mo bá ti kì ẹ̀ka kan bọlẹ̀, wọn ò ní mọ̀ títí ayé!"

Ilẹ̀ ò lanu. Mo dúró dè é, kò lanu.

Bàbá Bádéjọ yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún gbé e wọ̀. "Ojú ta ló ń ṣe bàìbàì?"

"Ẹ dárí jì mí, sà."

"Tún un tàn. Dá a dúró níbẹ̀." Wọ́n fa fóònù súnmọ́ ojú. "Mùsáfírù, wo ọ̀pẹ. Wo ògán. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀pẹ ni lóòótọ́. O ò sún ààlà."

Bàbá mi náà tẹ̀ sí i. "Ìwọ náà ò hú u."

"Mi ò hú u."

"Mo dá ọ lẹ́bi lásán."

"Èmi náà. Mo dá ẹran rẹ padà. Iléyá náà ò dùn lẹ́nu mi, Mùsáfírù. Ẹ̀wà ni mo jẹ."

Wọ́n di ara wọn mú. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì yíjú sí mi pọ̀. Oṣù mẹ́ta ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì fẹnu kò lé lórí ni bí wọn yóò ṣe bú mi. Wọ́n bú mi dọ́ba. Tí ọ̀kan bá ń mí, èkejì á gbà á.

Máyọ̀kún kò bú mi. Ó fọwọ́ kan ìdúró irin náà, ó ní, "O jẹ́ kí n jó irin fún un," ó sì kúrò níbẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo yọ igi mi kúrò nínú àfihàn. Ọkùnrin kan láti Ìbàfò ló gba iṣẹ́ ẹ̀sítéètì. Rósì ló gbé wá. Rósì!

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo gbé ọdán padà sí Ọ̀fàdà. Ìdájọ́ wọn ni pé èmi nìkan ni yóò wa ihò náà, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Bàbá mi àti Bàbá Bádéjọ jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísun, wọ́n ń pàṣẹ.

"Jìn ín sí i."

"Sápá ọ̀tún díẹ̀. Ojú mi ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó wọ́."

Mo ti ń jìyà fún bíi wákàtí kan nígbà tí ẹnì kan gba dígà lọ́wọ́ mi. Máyọ̀kún ni. Àwọn bàbá pariwo pé kò sí nínú ìdájọ́. Ó ní òun ò gbọ́.

Nígbà tí a jókòó simi, mo fi fídíò bàbá ará Ítálì hàn án, kó lè mọ ohun tó kó sí mi lórí. Bí mo ṣe fẹ́ fo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú.

"Kí ni wọ́n ń sọ níbí?"

"Mi ò mọ̀. Mo máa ń fò ó ni."

Ó tẹ ibì kan tí ìtumọ̀ fi jáde lábẹ́ àwòrán náà. Bàbá arúgbó náà ṣí fìlà fún ìyá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ìyá, ilẹ̀ yín ni igi yìí wà. Ṣé ẹ lè fún mi?" Mo ti wo fídíò ọkùnrin yẹn ju ogójì lọ. Nínú gbogbo wọn, ibi tó ti béèrè ni mo máa ń fò.

Máyọ̀kún wò mí, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀. Nígbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo ṣì ní ọkọ.

Àwọn bàbá kò jẹ́ kí n tú ẹwà igi náà ká. Títí di òní, ààlà tó gúnwà jù ní gbogbo Ọ̀fàdà wà láàárín oko méjèèjì. Kò sẹ́ni tó tún gbọdọ̀ fi àdá kàn án. Tí ewé rẹ̀ bá ti pọ̀ jù, wọn á pè mí: "Nurat, wá gẹ irun ààlà wa."

Oṣù kẹjọ náà ni a ṣe ìdána. Nígbà tí wọ́n ń ka ẹrù, Bàbá Bádéjọ ní kí wọ́n dúró, ó ku ọ̀kan. Wọ́n gbé ìkòkò pẹrẹsẹ kan jáde, tuntun, aláwọ̀ aró, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Ìyàwó wa," wọ́n wí, "a gbé ìkòkò wá. Igi tó o bá fẹ́ fi sí i, béèrè."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní ẹ̀ka kan lára ọdán ààlà."

Àwọn bàbá wo ara wọn. Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi di ẹ̀ka náà mú, Bàbá Bádéjọ gé e.

Ó wà níwájú ọgbà mi ní Mowe báyìí, ó ti ń sanra nídìí. Àwọn oníbàárà máa ń béèrè bóyá màá tà á. Mo máa ń sọ fún wọn pé èmi nìkan kọ́ ni mo ni ín, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ bàbá méjì kan ní Ọ̀fàdà.